Òǹkà Ìlú Abẹ́-Àpáta

Ẹni tó bá fẹ́ fi Léà ṣaya ní Ìsólò-Ọ̀pin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ òǹkà ìlú kan tí kò sí níbì kankan láyé. Yèyé Susanna, ìyá bàbá rẹ̀, ló fi àlọ́ tẹ ìlú náà dó. Abẹ́ àpáta ló wà, ìka mẹ́ta-mẹ́ta ló sì wà lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, nítorí náà wọn kì í kà bíi tiwa. Ọ̀kan wọn ń jẹ́ ṣìn, èjì ń jẹ́ kóó, ẹ̀ta ń jẹ́ pẹ́ẹ́. Lẹ́yìn èyí ni pẹ́ẹ́-ṣìn àti pẹ́ẹ́-kóó. Bí ìka ọwọ́ méjèèjì bá ti tán, ó di agbo. Agbo-kóó ni ẹ̀jọ tiwa, kóó-agbo sì ni èjìlá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Kí wọ́n tó ka ohunkóhun, wọ́n á fọwọ́ kan àyà, wọ́n á wúkọ́, kí ohun tí wọ́n fẹ́ kà má baà bínú pé wọn ò tọrọ ààyè.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà fún Elijah, bàbá Léà. Ìgbà tí wọ́n bí Léà ni ìyá rẹ̀ kú. Yèyé ló tọ́ ọmọ náà, Elijah sì ti ṣèlérí níwájú ìjọ pé ọkùnrin tí Yèyé bá fọwọ́ sí ni yóò fẹ́ ẹ. Ta ló mọ̀ pé àlọ́ ni màmá máa fi dán wọn wò?

Adégbìtẹ́ ni ọkàn Elijah fà mọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà ní Jọ́ọ̀sì, ó ní kẹ̀kẹ́ tuntun, ó sì ti sọ pé páànù lòun máa fi bo ilé àna òun. Bí wọ́n bá ti ṣègbéyàwó, Jọ́ọ̀sì ni Léà ń lọ nìyẹn, ó sì lè pẹ́ kó tó tún fojú kan Yèyé. Ẹnikẹ́ni ò bi Léà pé báwo ló ṣe rí i.

Ní ti Yèyé, ọ̀rọ̀ tó ń sọ pọ̀ ju èyí tó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ lọ. Lọ́jọ́ ìsinmi, kì í dúró de agogo. Ó ti máa ń jókòó síwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó lù ú. Elijah bá a lọ́ọ̀dẹ̀, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ páànù fún un dáadáa, Yèyé mi orí, ó ní Olúwa á ṣe é. Inú Elijah dùn débi pé ó pa adìyẹ.

Oyèdìran, kápíńtà ará Òsí, ló kọ́kọ́ wá ṣèdánwò lọ́dún 1957. Ó bá Elijah sọ̀rọ̀ oko, ó ṣèlérí àga fún Yèyé, ó tiẹ̀ kí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò kí Léà. Ó kà á débi tó lè kà á dé, Yèyé ní kò pé.

Nígbà Àjíǹde, Adégbìtẹ́ dé. Ó jókòó lórí ẹní níwájú Yèyé, ó ń ju ẹ̀kùrọ́ sínú igbá bó ṣe ń kà. Léà wà lẹ́yìn ọkùnrin náà lẹ́bàá ògiri, ó ń bó ẹ̀gúsí. Adégbìtẹ́ wúkọ́, ó sì kà á títí dé pẹ́ẹ́-agbo, tíí ṣe méjìdínlógún tiwa, láìṣì ẹyọ kan. Elijah, tí wọ́n ti kọ́ ní òǹkà yẹn láti kékeré, ń bá a kà á lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀kùrọ́ tán. Léà kò gbójú sókè. Yèyé wo ọ̀ọ́kán fún ìgbà díẹ̀.

“Kò pé,” ló wí.

Adégbìtẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó ní kí Yèyé jọ̀ọ́, kó fi ibi tóun ti ṣì í han òun.

“O kú ọ̀nà o, ọmọ mi,” ni Yèyé dá a lóhùn. “Ọ̀nà Jọ́ọ̀sì jìn.”

Lọ́sẹ̀ kejì, Oyèdìran pàdé Léà lọ́nà odò. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

“Léà, ká ní mo tilẹ̀ mọ òǹkà yìí, ṣé ìwọ fúnra rẹ fẹ́ mi?”

Léà dúró, ìkòkò omi wà lórí rẹ̀. Ó wò ó títí.

“Lọ kọ́ òǹkà,” ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Oyèdìran sọ ọ́ di iṣẹ́. Kó tó ka ìṣó, á wúkọ́. Kó tó ka pákó, á wúkọ́. Oníbàárà kan káàánú rẹ̀, ó gbé oyin wá fún un.

Ọjọ́ ìkórè ni Oyèdìran padà wá. Léà ló kọ́kọ́ kí kó tó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àmọ́ nígbà tó yẹ kó sọ pé kóó-agbo, agbo-kóó ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ló bá tún di ẹ̀jọ. Ó rọra kà á padà débẹ̀, ó tún ṣubú. Ó ń yí po lójú kan náà, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, títí ẹ̀kùrọ́ fi tán. Léà, tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, fọwọ́ bo ẹnu, ó gbé ẹ̀gúsí tó ń bó sílẹ̀, ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé.

“Ó pé!” ni Yèyé wí. “Ó pé pérépéré.”

Elijah fò dìde, ó ní ewúrẹ́ ẹnu ọ̀nà pàápàá gbọ́ pé ọkùnrin yìí sọnù lójú èjìlá. Ṣùgbọ́n Yèyé ti gbé ọwọ́ lé Oyèdìran lórí, ó ti ń súre, àwọn ará ilé ń ṣe àmín, a kì í sì í já àdúrà gbà mọ́ àgbà lẹ́nu. Elijah jókòó. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti gbà pé òun gan-an ló gbàgbé òǹkà ìyá òun. Wọ́n rí i lóko, ó fọwọ́ kan àyà, ó ń wúkọ́ sí ebè iṣu, ó ń tún un kọ́ láti orí ṣìn.

Yèyé kò gbọ́ ṣìn, kò gbọ́ kóó. Láti ìgbà ibà ọyẹ́ èṣí ni etí rẹ̀ méjèèjì ti di pátápátá, Léà nìkan ló mọ̀, gèlè Léà ló sì ń wò.