Ta Ló Gba Orúkọ Ṣọ́ọ̀bù Mi?

Inú ń bí mi débi pé mi ò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Oníbàárà kan pè láàárọ̀ yìí: "Ìyá télọ̀, ṣé ẹ ti kógbá sílé ni? Mo wá yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mi ò rí yín."

Mo ṣí wẹ́búsáìtì wa. Gbogbo aṣọ ìyàwó tí mo rán ti pòórá. Nọ́ńbà fóònù kan ló wà níbẹ̀: "Ẹni tó ni orúkọ yìí tẹ́lẹ̀, kó pè."

Mo pe iléeṣẹ́ tí mo ti ra orúkọ wẹ́búsáìtì náà.

"Mà, ẹ ò rà á, ẹ háyà rẹ̀ ni, bíi ṣọ́ọ̀bù. Ọdọọdún lẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la kọ̀wé sí ímeèlì yín."

Ímeèlì wo? Èyí tí àbúrò mi bá mi ṣí, tí mi ò wò rí?

"Ẹ dá a padà fún mi!"

"Ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín, mà. Ẹlòmíì ti gbà á."

Olè! Ọdún méje ni mo fi ránṣọ kí orúkọ yẹn tó lókìkí!

Mo tẹ nọ́ńbà olè náà. Èpè ti wà lẹ́nu mi.

Fóònù mi ń bi mí: ṣé kí òun ṣí nọ́ńbà tí mo ti bulọ́ọ̀kì yìí?

Mo ní kó ṣí i kíá.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Àbúrò mi ni. Oṣù márùn-ún rèé tá a ti jà.

"Mo pè yín títí kó tó bọ́. Mo gbà á kí olè tó gbà á. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní pe èmi láéláé. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ ó pe olè."