Awò Dúdú Díákónì

"Apànìyàn! O fẹ́ pa ọmọ mi kó o lè jogún ẹ̀!"

Ìyá Olúmúyìwá ló ń pariwo mọ́ Ayọ̀kúnnúmi, ìyàwó ọmọ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọsibítù.

Ẹ̀dọ̀ Olúmúyìwá ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ń yọ omi ẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́ kúrò, ó sì ń fi ti ẹlòmíì rọ́pò.

"Ẹni tí wọ́n bá tètè gbé wá ni ẹ̀rọ yìí máa ń ràn lọ́wọ́ jù," ni dókítà wí. "Ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé. Ṣé ẹ ò rí i pé ẹyinjú rẹ̀ ti pupa rúsúrúsú ni?"

"Ìwọ lò ń sùn tì í!" Ìyá ọkọ na ìka sí i nímú. "Àbí ojú tìẹ fọ́ ni?"

Ayọ̀kúnnúmi fún awò dúdú ọkọ rẹ̀ mọ́wọ́. Látìgbà tí wọ́n ti yàn án láti di díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi wọn ní Bárígà ló ti ń wọ̀ ọ́ tọ̀sán-tòru. Tí Ayọ̀kúnnúmi bá ní kó yọ ọ́, ọkọ á ní iná ń ta òun lójú.

"Mà, kò jẹ́ kí n rí ojú òun."

"Panu ẹ dé, Jésébẹ́lì!"

Olúmúyìwá lajú. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan káàkiri ojú rẹ̀.

"Màámi, ẹ má bínú. Awò tẹ́ ẹ ní mi ò gbọ́dọ̀ yọ ti já bọ́."

Ìka ìyá rẹ̀ ṣì wà lókè.

"Àwọn ará ìjọ ò rí i pé ojú mi ti pupa o. Ṣé wọ́n ti yà mí sí díákónì tán? Ṣé mo lè lọ ọsibítù báyìí?"