Pátákó Ní Afẹ́fẹ́ Dára

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí kẹ́ ẹ wá sá lọ. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá mọ̀ tó wà nípò.

1.
Obìnrin kan ni ọ̀gá ẹ̀ka afẹ́fẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀. Ìyá Afẹ́fẹ́ ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é, orúkọ náà sì máa ń dùn mọ́ ọn nínú. Òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ìlú ṣe mọ́ tó. Ibùdókọ̀ ni ẹ̀rọ náà wà, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì ti ń tú èéfín bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn díje. Ohun tí ẹ̀rọ bá rí ló ń hàn lára pátákó iná ńlá kan ní oríta. Bí àwọ̀ ewé bá tàn, afẹ́fẹ́ dára nìyẹn. Bó bá pọ́n, kí aláìsàn àti ọmọdé wọlé, kí awakọ̀ tó ń dúró de èrò sì pa ẹ́ńjìnnì. Òfin ni.

Pátákó yìí ni àbúrò rẹ̀ obìnrin gbójú lé. Aránṣọ ni, òkè ilé tó kọjú sí ibùdókọ̀ ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ásímà sì ti ń bá a fínra láti kékeré. Kì í ṣí fèrèsé láìwo pátákó. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló wà nídìí ẹ̀. Ẹni tó pọ̀n mí dàgbà ò lè tàn mí."

2.
Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n kéde àmì ẹ̀yẹ fún ìlú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá mọ́ jù lọ. Alága ìjọba ìbílẹ̀ ránṣẹ́ pe Ìyá Afẹ́fẹ́.

"Màdámù, pupa yìí ti pọ̀ jù. Ṣé ibùdókọ̀ nìkan ni ìlú ni?"

Ohun tí ọkùnrin náà ń wá yé e. Ó yẹ kó ní kí wọ́n kó àwọn ògbólógbòó bọ́ọ̀sì kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ń rí ara rẹ̀ lórí pèpéle, tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Ló bá ní kí wọ́n tú ẹ̀rọ náà, kí wọ́n lọ gbé e sínú ọgbà igi tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ omi, níbi tí ẹyẹ nìkan ń dé.

Láti ọjọ́ náà, pátákó ò pọ́n mọ́. Awakọ̀ ò sì pa ẹ́ńjìnnì mọ́. Ta ni yóò bá wọn wí? Èéfín wá nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

3.
Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba àmì ẹ̀yẹ ni fóònù rẹ̀ dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ojú ọ̀run dúdú lọ́dọ̀ wa, ọ̀fun ń yún mi. Àmọ́ pátákó ní ó dára, ooru sì fẹ́ pa wá nínú ilé. Ṣé kí n ṣí fèrèsé?"

Alága wà lápá ọ̀tún rẹ̀, àwọn àlejò wà lápá òsì. "Má ṣí i" péré ì bá ti tó.

"Ohun tí pátákó bá sọ ni kó o tẹ̀lé," ló wí, ó sì pa fóònù.

Wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ lé e lọ́wọ́. Kí àtẹ́wọ́ tó rọlẹ̀, ọkọ àbúrò rẹ̀ ti ń pè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà wá o! Ìyàwó mi ò lè mí!"

4.
Ibùsùn ti tán ní ilé ìwòsàn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n tẹ́ àwọn arúgbó àti ọmọdé àdúgbò ibùdókọ̀ sí, tí wọ́n ń wú ikọ́. Nígbà tí Ìyá Afẹ́fẹ́ rí bí àyà àbúrò rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, ó sáré padà lọ kúnlẹ̀ níwájú alága.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dá ẹ̀rọ padà. Àbúrò mi ń kú lọ!"

"Lónìí tá a gba àmì ẹ̀yẹ? Ṣé orí yín pé báyìí?"

Ó sáré dé ibùdókọ̀, ó ń fọwọ́ gbá ara bọ́ọ̀sì. "Ẹ pa á! Ẹ bá mi pa ẹ́ńjìnnì yẹn!"

Awakọ̀ kan rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ gbójú sókè. Pátákó ní afẹ́fẹ́ dára."

"Irọ́ ni! Èmi ni mo pa irọ́ ọ̀hún!"

Wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Kò sẹ́ni tó pa nǹkan kan.

Nígbà tó padà dé ilé ìwòsàn, àbúrò rẹ̀ lajú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé pátákó yẹn bàjẹ́ ni?"

Òótọ́ dé ẹnu rẹ̀, ojú tì í. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. "Ó bàjẹ́."

Àbúrò rẹ̀ rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo sọ fún wọn. Mo ní ẹ ò lè tàn mí."

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyá Afẹ́fẹ́ jẹ́wọ́ fún ọkọ olóògbé. Ọkùnrin náà ò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹ máa lọ. Ẹ má dé ojú oórì rẹ̀ mọ́ láé." Àṣírí tú síta, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Afẹ́fẹ́ báyìí, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ìyẹn kọ́ ló ń pa á lẹ́kún. Irọ́ ìkẹyìn yẹn ni, èyí tí àbúrò rẹ̀ gbà gbọ́ tó fi kú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nípò, mo bẹ̀ yín lórúkọ ìyá tó bí yín: bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yín ni láti kìlọ̀ fún aráàlú, ẹ má torí ìyìn pa ìkìlọ̀ náà mọ́. Ẹ̀yin aráàlú, ẹ béèrè ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ yín sí. Ẹ béèrè báyìí tẹ́ ẹ ṣì ń mí, torí ẹni tí irọ́ yẹn máa kọ́kọ́ pa kò ní í ní èémí tó máa fi béèrè.