Alága Tó Ní Ká Má Wá Wo Afárá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Nílùú kékeré kan lẹ́bàá Òrò ló ti ṣẹlẹ̀.

1. Áà, ìgbà Bàbá Jòhánù dùn! Nígbà tó jẹ́ alága ìlú wa, bí wọ́n bá já sìmẹ́ńtì iṣẹ́ ìlú sílẹ̀, agboolé kọ̀ọ̀kan á rán ẹnì kan wá dúró ti àwọn bíríkìlà títí wọ́n á fi pò ó tán. Bàbá fúnra rẹ̀ á gbé àpótí jókòó, á máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, á máa pa wá lẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣọ́ wọn o! Ẹ ṣọ́ èmi náà!"

Ta ló fẹ́ jalè níbẹ̀? Àárò bàbá yẹn ń sọ mí gan-an.

2. Bàbá kú, Abdulganiyu di alága. Afárá odò tó lọ sóko ló kọ́kọ́ dáwọ́ lé. Agboolé yọjú bí ìṣe wọn, alága fajú ro.

"Ṣé olè lẹ pè mí ni?"

Tíṣà Hafeezat, tí agboolé rẹ̀ rán wá, ní, "Alága, àṣà wa ni."

"Àṣà àtijọ́! Ẹ máa lọ sílé."

Ojú tì wá, a sì lọ. Àṣìṣe wa nìyẹn. Ìdajì sìmẹ́ńtì yẹn ló bá ọkọ̀ lọ síbi ilé tí alága ń kọ́ fúnra rẹ̀ ní Ganmo. Yanrìn ló pọ̀ nínú afárá wa.

3. Òjò ọdún kejì ló wó o. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àìsàn gbé ìyá alága, Màmá Jàrátù, dè ní abà lódìkejì odò. Abdulganiyu gbé mọ́tò dé etí omi, kò rọ́nà kọjá. Wọ́n tẹ́ màmá sórí ẹní lọ́hùn-ún, ló bá ké sí ọmọ rẹ̀:

"Gàníyù, ṣé afárá tí o kọ́ nìyí?"

Wọ́n gbé màmá gba ọ̀nà Rore yípo, ọ̀nà jíjìn réré. Kí wọ́n tó dé ọsibítù, màmá ti kú.

"Yéè! Èmi ni mo pa ìyá mi!"

4. Tíṣà Hafeezat la fi jẹ alága dípò Abdulganiyu. Ó ní kò sí iṣẹ́ ìlú tí ojú ìlú kò ní sí níbẹ̀ mọ́, títí kan iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá gbà. A tún afárá kọ́, ó sì dúró. Ṣùgbọ́n màmá kò sí láti gbà á kọjá.

Ẹ̀yin olórí, ẹ má bínú sẹ́ni tó fẹ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ má tijú àtibéèrè, nítorí ohun tiyín ni. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.