Ojú Mi Wà Lọ́nà

"Bàámi, ẹ má ṣẹ́jú."

Ohùn Ìbídùn ọmọ mi ni mo yàn fún dígí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ẹ̀yinjú àwa alátọ̀gbẹ láràárọ̀. Ìbídùn gan-an lọ́kọ láìsọ fún mi. Ọdún méje rèé, n ò bá a sọ̀rọ̀.

Dígí ní, "Ẹ̀jẹ̀ ń jò lẹ́yìn ojú òsì yín. Ẹ tètè gbàtọ́jú kó tó fọ́. Ta ni kí n pè kó sìn yín lọ?"

Mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ojú ọ̀tún ńkọ́, Bàámi?"

"Ó wà lọ́nà."

"Ọ̀nà wo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un padà wá."

Ohùn ọmọ mi ni, ṣùgbọ́n ọmọ mi ì bá ti mọ ohun tí mò ń sọ.

"Pe Ìbídùn. Má bẹ̀ ẹ́ o! Sọ fún un pé ojú mi wà lọ́nà."