Ẹ̀dà Ọjọ́ Ẹtì

Lọ́dún 1999, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ tó ń kó obì láti Ṣàgámù lọ sí Kánò ní. Fáìlì ímeèlì inú rẹ̀ ti tóbi débi pé èèyàn á bu omi mu, á tún jókòó, kó tó ṣí tán. Ellen akọ̀wé ló ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bí oòrùn ọjọ́ Ẹtì bá ti ń wọ̀, tí Sátidé, Ọjọ́ Ìsinmi ìjọ rẹ̀, ń kanlẹ̀kùn, á fa àwòrán àpòòwé ọlọ́fà kékeré tó wà lójú kọ̀ǹpútà sínú dísíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì sí. Kó tó wé gèlè tán, ó ti parí. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, á sì forí lé ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́.

"Kọ tuntun lé ti àtijọ́," ni Ọ̀gá Oyèbọ̀dé wí. "Dísíkẹ́ẹ̀tì kan tó."

"Bí tuntun bá bàjẹ́ ńkọ́, sà?"

"Ṣé ìwọ lo ni ilé iṣẹ́ ni?"

"Rárá, sà. Ìka tó máa tẹ̀ ẹ́ ni mo ni."

Nígbà tí obì ọkọ̀ kan jẹrà ní Kánò, Oyèbọ̀dé ní Yúnúsà awakọ̀ ló pa á tì. Wọ́n lé Yúnúsà, wọ́n tún fẹ́ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ellen sì ti fojú ara rẹ̀ ka ímeèlì tí ọ̀gá fi pàṣẹ pé kí ọkọ̀ dúró síbẹ̀ títí obì yóò fi wọ́n. Ó wá a nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti pa á rẹ́.

"Kó àwọn dísíkẹ́ẹ̀tì yẹn wá," ni Oyèbọ̀dé wí.

"Ilé ni wọ́n wà, sà. Ẹ wá kó wọn ní Sátidé, ẹ ó bá wa nínú ìsìn."

"Màá lé ẹ dànù!"

"Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí mi ní ímeèlì, sà. Màá ṣe ẹ̀dà rẹ̀."

Ní ọjọ́ Ajé, Alága ilé iṣẹ́ gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀ dé láti Èkó láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Yúnúsà dúró ti ògiri, ó di fìlà mú. Ellen da àwọn dísíkẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì gbàràgàdà.

"Baba, ẹ mú èyí tó bá wù yín. Kò sí ẹni tó lè pa ti àtijọ́ rẹ́ lọ́wọ́ mi."

Oyèbọ̀dé ń nu òógùn.

Alága fi wọ́n sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ àpòòwé ọlọ́fà tó wà nínú wọn, èsì kan náà ló sì ń rí: ọ̀nà tó lọ síbi fáìlì nìkan ló wà níbí, fáìlì fúnra rẹ̀ kò kúrò nínú kọ̀ǹpútà Ṣàgámù rí.