Ohùn Inú Sinimá

Ọjọ́ kejì Iléyá ni Mùtíátù ti Ìsẹ́yìn dé sí Ṣakí, ó fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ti tún yàrá kan ṣe dè é. Àgbà obìnrin kì í dá gbé, kó máa dá sọ̀rọ̀, kó sì tún máa dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ìyá rẹ̀, Mọ́rìnọ́lá, bu ẹran fún un, ó ní òun ò lọ.

"Bí bàbá rẹ bá dé ńkọ́? Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un?"

Ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ nìyẹn láti ìgbà tí Mùtíátù ti wà ní kékeré. Gánà ni wọ́n ní bàbá lọ. Nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà, tí ará àdúgbò ń ru ẹrù wọlé, kò sí lára wọn. Mọ́rìnọ́lá ò fẹ́ ọkọ mìíràn. Òun ni wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ fún ìyàwó tuntun.

Mùtíátù ò bá a jiyàn. Ó ní kí àwọn lọ wo sinimá ná, bóyá ara ìyá á yá díẹ̀.

Ojú ọ̀sán ni, wọ́n fi tapólì bo fèrèsé gbọ̀ngàn ìlú. Nínú sinimá náà, ọkùnrin kan ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sódò nítorí ilẹ̀. Láti ìgbà náà, òkú ń pè é lórúkọ: bó bá ń jẹun, bó bá ń wẹ̀, títí ó fi sáré lọ jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá. Kò tíì dé ìdajì tí èrò ti ń pòṣé.

"Ẹ dá owó wa padà! Ta ni ò mọ̀ pé òun ló pa á?"

Mọ́rìnọ́lá nìkan ló tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ǹṣì, tó ń tẹ́tí.

"Ìyá, ẹ má bínú," Mùtíátù ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà. "Wọ́n lù wá ní jìbìtì."

"Òkú yẹn, ṣé ojoojúmọ́ ló ń pè é?"

"Irọ́ ni, Ìyá. Sinimá ni."

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí wọ́n délé, Mùtíátù gbé garawa lọ fami nílé Fàtímọ̀, aládùúgbò wọn.

"Tètè mú ìyá ẹ lọ o, kí kànga mi lè sinmi," Fàtímọ̀ ní. "Nínú Ṣakí olókùúta yìí, òun bu iyẹ̀pẹ̀ dí tiẹ̀ pa!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọdún tí bàbá lọ ni Mọ́rìnọ́lá dí kànga ẹ̀yìn ilé, ó ní kí ọmọ òun má baà já sí i. Òun nìkan ló dí i, bẹ́ẹ̀ apá rẹ̀ tó kán nígbà tí bàbá ṣì wà nílé kò tíì jinná. Ata ló gbìn sórí ibẹ̀.

"Ìyá, kí lẹ tún ń dúró dè?" Mùtíátù bèèrè nígbà tó padà dé.

"Máa lọ, ọmọ mi. Ó kù díẹ̀."

Mùtíátù dá wọkọ̀ lọ.

Mọ́rìnọ́lá bu omi lọ sẹ́yìn ilé, ó wọ́n ọn sídìí ata, ó jókòó tì í, ó sì rọra ní, "Baba Mùtíátù, òkú inú sinimá ń pe ẹni tó pa á, ẹ̀yin, láti ọjọ́ yìí wá, ẹ ò tilẹ̀ pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."